Àlá Kì í Ṣe Ẹlẹ́rìí

Àwọn àgbà wa máa ń wí pé àlá tí ajá bá lá, inú ajá ní í gbé. Ẹni tó bá ti wo ajá tó sùn sí ẹ̀gbẹ́ ààrò rí mọ̀ pé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ajá náà yóò máa mi ẹsẹ̀ bí ẹni ń sáré, yóò máa kùn, etí rẹ̀ yóò máa gbọ̀n. Lójijì yóò jí, yóò wo ọ̀tún, yóò wo òsì, yóò sì tún dùbúlẹ̀. Ohun tó ń lé, tàbí ohun tó ń lé e, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ ọ́n láéláé. Àwa náà ń lá àlá bí ajá ti ń lá a. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti mọ́, àwa a máa wá ẹni tí a ó rọ́ ọ fún.

Ọ̀rọ̀ tí a ń lò yẹn, rọ́, ó yẹ kí a dúró tì í díẹ̀. A ń lá àlá, ìyẹn jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ rọ́ ọ gbọ́dọ̀ tò ó, bí ẹni tó ti ọjà dé ṣe ń to ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Bẹ́ẹ̀, àlá kò ní ètò. Ilé bàbá ẹni yóò di ọjà, ọjà yóò di odò, ẹni tó ti kú yóò máa ta iṣu létí odò náà, kò sì sí ẹni tí yóò béèrè ìdí. Ní òwúrọ̀ ni a ó wá máa wí pé "lẹ́yìn náà", "ni mo bá", "àfi bí mo ṣe rí i pé". Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké wọ̀nyí kò sí nínú àlá. Inú àlọ́ ni a ti kọ́ wọn. Ẹni tó bá ti la ẹnu láti rọ́ àlá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìtàn, ì báà mọ̀, ì báà má mọ̀. Nítorí èyí ni àwa fi gbà pé ó yẹ kí a gbọ́ àlá, kí a sì tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a pè é wá jẹ́rìí lórí ọmọnìkejì wa. Ẹ̀kọ́ yìí ti ná ilé wa ní nǹkan.

Àwa tí a kọ èyí, ọmọ agbo ilé kan náà ni wá ní Kétu. Mẹ́rin ni wá. Ẹnì kan wà nílé títí di òní, ẹnì kan ń ṣiṣẹ́ ní Àjàṣẹ́, àwọn méjì yòókù wà ní Kútọnu. Orí fóònù ni a ti jọ kọ ọ́ fún bíi oṣù méjì, a sì jiyàn lórí rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ohun tí ẹ ń kà yìí ni gbogbo wa fọwọ́ sí.

Ìyá bàbá wa ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí a mọ̀ pé àlá ní bí a ti ń tọ́jú rẹ̀. Wọn kò lọ sí ilé ìwé. Àkàrà ni wọ́n ń dín lẹ́nu ọ̀nà ní kùtùkùtù, kí àwọn zémidjan tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá. Àwa ọmọdé a máa jókòó yí ààrò ká, nítorí ọyẹ́ àti nítorí àkàrà àkọ́dín. Ibẹ̀ ni a ti ń rọ́ àlá. Bí ẹnì kan bá ní òun lá àlá burúkú, wọn kì í ní kí ó dákẹ́, wọn kì í sì í sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un. Ìbéèrè méjì péré ni wọ́n máa ń bi í. Èkínní: "Kí ló wá ṣẹlẹ̀?" Èkejì: "Ìwọ ńkọ́, kí lo ṣe?"

Inú ìbéèrè kejì yẹn ni iṣẹ́ wà. Ẹ̀gbọ́n wa kan lá àlá fún bí ọ̀sẹ̀ kan pé màlúù olójú ènìyàn ń lé òun láti ẹnubodè Akaba Idéna wọ àárín ìlú. Lóru a ó gbọ́ igbe rẹ̀. Lówùúrọ̀ a ó gbọ́ àlá rẹ̀. "Kí lo ṣe?" "Mo sá." Ní ọjọ́ kejì: "Kí lo ṣe?" "Mo sá, mo sì gun igi." Ní ọjọ́ kẹta, ó ti gun igi tán, ó ń já máńgòrò sọ lu màlúù lórí. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ karùn-ún, màlúù náà ti ń jẹ máńgòrò, ó sì ń dúró de òmíràn. Bóyá ojú oorun ni ọ̀rọ̀ náà ti yí padà, bóyá ẹ̀gbẹ́ ààrò ni, àwa kò lè sọ, òun fúnra rẹ̀ kò sì lè sọ. Ṣùgbọ́n igbe òru dópin. Lónìí, àwọn dókítà kan ń lo ọ̀nà tó jọ èyí fún àwọn tí àlá burúkú ń dà láàmú: wọ́n á ní kí aláìsàn yí ìparí àlá náà padà lójú mímọ́, kí ó sì máa fi ọkàn ro ìparí tuntun náà lójoojúmọ́. Wọ́n ní orúkọ gígùn kan fún un. Ìyá wa àgbà kò fún un lórúkọ kankan.

Bí alẹ́ bá wá lẹ́, tí wọ́n bá ké pé "Ààlọ́ o!", tí a sì dáhùn pé "Ààlọ̀!", ó ṣeé ṣe kí a tún bá màlúù yẹn pàdé. Ìjàpá ni yóò máa sá níwájú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọn kò ní sọ ibi tí màlúù ti wá, ẹni tó lá a kò sì ní sọ, ṣùgbọ́n a ó gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ nínú òkùnkùn. Orin yóò wọ inú àlọ́ náà, gbogbo wa yóò sì gbè é. Ohun tó ń dẹ́rù ba ẹnì kan lánàá ti di ohun tí ẹnu méjìlá ń kọ lórin. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá léèrè ohun tí àlọ́ wà fún, a ó tọ́ka sí màlúù yẹn kí a tó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀kọ́ ìwà, tí àwọn olùkọ́ fẹ́ràn láti máa kọ́kọ́ dárúkọ.

Nígbà tí Ìyá wa àgbà kú, ààrò náà kú. Àwọn ìyàwó ilé ní iṣẹ́ mìíràn, àwa ọmọ sì ti ń fọ́n ká. Kò sí ẹni tó ń gbọ́ àlá mọ́ lówùúrọ̀.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin ilé wa bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ó ń mu omi láìdákẹ́, ó ń tọ̀ láìdákẹ́, ẹran ara rẹ̀ ń lọ. (Ó fọwọ́ sí i kí a kọ ọ̀rọ̀ yìí, bí a kò bá ti dárúkọ rẹ̀.) Ní òru ọjọ́ kan ó lá àlá pé ìyàwó àgbà bàbá òun gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí fún òun, òun sì jẹ ẹ́ tán. Gbogbo yín ni ẹ mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa oúnjẹ ojú àlá ní ilẹ̀ wa. Kò rọ́ ọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Ó gbé e lọ sí ibì kan tí wọ́n ti ń túmọ̀ àlá. Níbẹ̀, wọn kò bi í ní ohun tó ṣe. Orúkọ ẹni tó gbé àwo ni wọ́n bi í.

Orúkọ náà dé ilé ṣáájú rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé pé kí wọ́n má gba ohunkóhun lọ́wọ́ ìyá yìí mọ́. Bẹ́ẹ̀ ọwọ́ wọn ni wọ́n ti wẹ ìdajì àwọn ọmọ agbo ilé náà ní ìkókó, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lára wọn. Wọ́n á se oúnjẹ, ìkòkò á kún títí di alẹ́, wọ́n á dà á fún ewúrẹ́. Wọ́n á kí ènìyàn létí kànga, ẹni náà á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ọmọbìnrin wọn tó wà nílé ọkọ ní Ṣábẹ̀ẹ́ wá mú wọn lọ, pẹ̀lú àpótí kan àti ẹní kan.

Ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, aláìsàn náà ṣubú lọ́nà oko, wọ́n sì gbé e dé ilé ìwòsàn. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Àrùn ìtọ̀ ṣúgà ni. Wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n kọ́ ọ ní ohun tó lè jẹ àti ohun tí kò gbọdọ̀ jẹ, ara rẹ̀ sì padà bọ̀ sípò. Àwọn àgbà ilé kò rán ẹnikẹ́ni lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́. Wọ́n ní kí ọ̀rọ̀ náà tútù ná. Ó tútù fún ọdún mẹ́fà.

Láti ìgbà náà ni a ti ń bi ara wa ní ìbéèrè kan: èé ṣe tó fi jẹ́ ìyá yẹn ni ó rí? Ìdáhùn tí a rí kò díjú rárá. Ta ni ì bá tún gbé oúnjẹ wá lójú àlá, bí kò ṣe ẹni tó ń gbé e wá lójú ayé? Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ọkùnrin yẹn fi jẹun láti inú ìkòkò ìyá náà. Ara rẹ̀ ń ṣàìsàn, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ebi ń pa á bó tilẹ̀ ń jẹun, ọkàn rẹ̀ sì fi ojú tó mọ̀ jù lọ sí ẹ̀yìn àwo oúnjẹ. Àlá náà jẹ́ òótọ́ ní ọ̀nà kan: ó ń sọ nípa ara ẹni tó lá a. Ẹni tó bá fara balẹ̀ gbọ́ ọ ì bá gbọ́ òùngbẹ àti ebi nínú rẹ̀. Orúkọ ni wọ́n gbọ́.

Àwọn tó ń ṣe ìwádìí lórí oorun ti rìn jìnnà lójú ọ̀nà yìí. Ní ọdún 1953, ní Chicago ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Eugene Aserinsky àti Nathaniel Kleitman tẹ ìwádìí wọn jáde. Wọ́n rí i pé àwọn àkókò kan wà nínú oorun tí ẹyinjú ẹni tó sùn máa ń yí kiri lábẹ́ ìpéǹpéjú, àti pé bí a bá jí i ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ó sábà máa ń ní àlá láti rọ́. Ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 1959, Michel Jouvet sọ oorun yìí ní sommeil paradoxal, nítorí ọpọlọ wà lójúfò bí ìgbà tí ènìyàn kò sùn, nígbà tí iṣan ara ti dẹ̀ pátápátá, tí ara kò lè gbéra. Ológbò ni Jouvet fi ṣe ìwádìí rẹ̀. Ó wá ibi tó ń so ara mọ́lẹ̀ nínú ọpọlọ rí. Nínú àwọn ológbò tí ibẹ̀ ti bàjẹ́, ara kò so mọ́lẹ̀ mọ́: ológbò tó sùn fọnfọn yóò dìde, yóò yọ́ rìn, yóò fò mọ́ eku tí kò sí níbẹ̀, yóò bá ọ̀tá tí kò sẹ́ni tó rí i jà.

Nígbà tí a kọ́kọ́ ka èyí, ọ̀kan nínú wa kígbe pé àlá ológbò ti kúrò nínú ológbò nìyẹn, kí àwọn àgbà lọ tún òwe wọn ṣe. Ó pa wá lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ohun tó jáde lára ológbò wọ̀nyẹn ni ìfò àti èékánná. Ìtàn kò jáde. Òwe àwọn àgbà ṣì dúró.

Ìmọ̀ yìí tún tànmọ́lẹ̀ sí ohun kan tó ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa. Nígbà mìíràn, ọkàn a máa jí kí okùn tó so ara mọ́lẹ̀ tó tú. Ènìyàn yóò la ojú, yóò rí àjà ilé, kò ní lè gbé ìka kan. Àyà yóò wúwo bí ẹni pé ẹnì kan jókòó lé e, yóò sì dá a lójú pé ẹlòmíràn wà nínú yàrá. Ní ìlú wa, kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti ń wá orúkọ. Ní Faransé, wọ́n ń pè é ní paralysie du sommeil. Kì í ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tàbí ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, ó sì sábà máa ń wá bá àwọn tí oorun wọn kò tó, pàápàá bí wọ́n bá fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣàìsùn nítorí ìdánwò BAC, bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ mí jẹ́jẹ́, ẹ gbìyànjú láti mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan, ẹ sì dúró. Yóò kọjá. Kò sí ìyá kankan tó dúró lórí yín.

A kò wí èyí láti sọ pé àwọn baba ńlá wa kò mọ nǹkan kan. Wọ́n mọ ẹ̀rù òru jù wá lọ, nítorí òkùnkùn tiwọn pọ̀ ju tiwa lọ. Ibi tí wọ́n wá gbé ẹ̀rù náà sí ni ó yẹ kí a wò. Ẹ gbọ́ àlọ́ tí gbogbo ilé mọ̀, ti ọmọbìnrin arẹwà tí kò fẹ́ ọkùnrin kankan ní ìlú rẹ̀. Ó rí àjèjì kan lọ́jà tó pé pérépéré, ó tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ti ń lọ nínú igbó, ọkùnrin náà ń dá ẹ̀yà ara tó yá padà fún àwọn tó ni wọ́n: ẹsẹ̀ níhìn-ín, apá lọ́hùn-ún, àyà, ọrùn, títí tó fi ku orí nìkan, tó ń fò tọ̀ọ̀ tọ̀ọ̀ níwájú ọmọbìnrin náà. Bí èyí kì í bá ṣe àlá, a kò mọ ohun tó ń jẹ́ àlá. Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, fi ìtàn yìí sínú ìwé The Palm-Wine Drinkard tó jáde ní London ní ọdún 1952. Ní ọdún 1953, Raymond Queneau, òǹkọ̀wé ńlá kan ní Paris, yí ìwé náà sí Faransé, ó sì pè é ní L'Ivrogne dans la brousse. Báyìí ni orí tó ń fò nínú òkùnkùn àgbàlá wa ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Paris. Ìwé Faransé yẹn ni ọ̀kan nínú wa kọ́kọ́ kà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Àjàṣẹ́, ó sì ń mi orí bó ti ń kà á, nítorí ó ti mọ ibi tí ìtàn náà ń lọ.

Ẹ wá kíyè sí i: nínú àlọ́ yẹn, orí náà kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni ní àdúgbò. Ọmọbìnrin náà kò ní orúkọ aládùúgbò wa. Ọba kan, obìnrin kan, ọdẹ kan, Ìjàpá, Yánníbo: àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń ru ẹ̀ṣẹ̀ inú àlọ́. Àlọ́ ní àkókò tirẹ̀, a kì í pa á lọ́sàn-án. Ó ní ìlẹ̀kùn tí a fi ń wọlé àti ìlẹ̀kùn tí a fi ń jáde. Apàlọ́ á fi agogo ẹnu rẹ̀ búra ní ìparí, a ó sì mọ̀ pé a ti dé òde ayé padà. Ohunkóhun tó bá ń dẹ́rù bani lè wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní bá wa jáde láàárọ̀ láti lọ kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Ibi tí wọ́n ti ń túmọ̀ àlá lọ́nà tí a rí yẹn, wọ́n mú ìtàn, wọ́n yọ Ìjàpá kúrò, wọ́n fi orúkọ ìyá àgbà kan rọ́pò.

Kétu kò lè sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rù òru kí ó má dárúkọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́. UNESCO kà á mọ́ àwọn iṣẹ́ ọnà àtẹnudẹ́nu tó ga jù lọ láyé ní ọdún 2001, ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò, inú wa sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé ẹ̀rí ni a ń wò níhìn-ín. Àwọn tó dá Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sílẹ̀ gbà pé agbára àwọn ìyá wà, pé ó ń ṣiṣẹ́ lóru, pé ó lè tún ayé ṣe, ó sì lè bà á jẹ́. Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọn kò lọ láti ilé dé ilé láti béèrè ta ni. Wọ́n gbẹ́ igi, wọ́n kun ún, wọ́n pe gbogbo ìlú jáde. Ẹ̀fẹ̀ kọrin ní òru, àwọn agbéǹdé ọ̀sán jó ní ọjọ́ kejì, gbogbo rẹ̀ láti júbà àwọn ìyá, láti tù wọ́n lójú. Lórí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́, agbẹ́gilére gbé ohun tí ojú inú rẹ̀ bá rí: ejò tó ń bá ẹyẹ jà, obìnrin tó gbé igbá, ọ̀kadà, ọkọ̀ òfuurufú. Òótọ́ ni pé Ẹ̀fẹ̀ a máa bá ènìyàn wí, ó sì lè ta ni létí gidigidi. Ṣùgbọ́n ní gbangba ni, níbi tí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ti ń gbọ́ pẹ̀lú gbogbo ìlú. Kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ sí ènìyàn létí nínú yàrá tó ti ilẹ̀kùn.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní: ṣé ẹ̀sìn kò ka àlá sí ni? Ó kà á sí. Ìtàn Jósẹ́fù wà nínú Bíbélì, ó sì wà nínú Àlùkùránì, níbi tí a ti ń pè é ní Yúsúfù. Nínú Àlùkùránì, ohun tí bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ sọ nígbà tó gbọ́ àlá náà ni pé kí ó má rọ́ ọ fún àwọn arákùnrin rẹ̀. Nínú Bíbélì, ó rọ́ ọ fún wọn, wọ́n sì kórìíra rẹ̀. Nígbà tó wá túmọ̀ àlá ọba Íjíbítì, kò sọ ẹni tó jẹ̀bi ìyàn tó ń bọ̀. Ó ní kí wọ́n kó ọkà pamọ́ fún ọdún méje. Bákan náà, ẹni tó gbé àlá rẹ̀ lọ síwájú Ifá, ìtàn ni yóò gbà padà. Nínú igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta (256) Odù, ẹnì kan ní ìgbà ìwáṣẹ̀, tàbí ẹranko kan, tàbí igi kan, lọ béèrè ọ̀rọ̀, wọ́n ní kí ó rúbọ, a sì gbọ́ bí ó ti rí fún un. Ẹni tó wá béèrè ni yóò wá ara rẹ̀ rí nínú ìtàn náà. A kò sọ pé kò sí babaláwo burúkú, bí wòlíì burúkú àti àáfà burúkú ti wà. Ṣùgbọ́n ohun èlò tí wọ́n jogún dára ju lílò tí àwọn kan ń lò ó lọ.

Ní ti àwọn ọmọ wa, wọ́n ń lá àlá ní èdè méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta. Nínú ìsinmi gígùn tó kọjá, mẹ́rìndínlógún wọn péjọ sí agbo ilé wa ní Kétu, àwọn kan láti Kútọnu, àwọn kan láti Àjàṣẹ́. Ẹni tó wà nílé nínú wa dá ààrò òwúrọ̀ padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé búrẹ́dì àti tíì ni wọ́n ń mu níbẹ̀. Òfin mẹ́ta ló fi lélẹ̀. Kí ẹni tó bá lá àlá rọ́ ọ ní Yorùbá, kó sì ya ọ̀rọ̀ Faransé lò níbi tí Yorùbá bá ti wọ́n. Kí á bi í ní ìbéèrè méjì Ìyá àgbà. Kí ó má dárúkọ ẹnikẹ́ni tó wà láàyè. Bí ó bá rí ènìyàn lójú àlá, kí ó sọ ọ́ di ẹranko kí ó tó sọ̀rọ̀.

Òfin kẹta yìí dá ẹ̀rín sílẹ̀ púpọ̀, nítorí gbogbo ilé ló mọ ẹni tí ẹtu tó ń wọ jígí jẹ́. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án kan láti Kútọnu rọ́ àlá ascenseur kan tó ń já wálẹ̀ láìdúró títí ó fi wọ inú odò. Kò ní ọ̀rọ̀ Yorùbá fún un, àwa náà kò ní. A jiyàn díẹ̀, a pè é ní àpótí agunlé. "Kí ló wá ṣẹlẹ̀?" Omi wọlé. "Ìwọ ńkọ́, kí lo ṣe?" Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní òun tẹ bọ́tìnnì tó ń lọ sókè, ẹja kan sì bá òun tẹ̀ ẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Ìjàpá wọ àpótí agunlé lọ jí iṣu nínú àjà ọba, orin tí a gbè sí i sì wà lẹ́nu àwọn ọmọ títí wọ́n fi padà sí ilé ìwé.

Ohun kan ni kò pé. Kò sí ẹni tó mọ àlọ́ púpọ̀ láàrin wa. Lẹ́yìn alẹ́ mẹ́rin, a ti pa gbogbo èyí tí a mọ̀, àwọn ọmọ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé a ń tún wọn pa. Ẹni tó mọ̀ wọ́n jù lọ nínú gbogbo ilé wa wà ní Ṣábẹ̀ẹ́. A gba nọ́ńbà ọmọbìnrin wọn, a sì pè wọ́n. A kí wọn, wọ́n kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n béèrè ọmọ wa lórúkọ. A sọ ohun tí ilé ìwòsàn rí nínú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin yẹn lọ́jọ́ sí. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, pé ẹnì kan láti Kétu ti sọ ọ́ lọ́jà fún ọmọ àwọn. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n wá béèrè iye àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ àti bóyá wọ́n mọ bí a ti ń gbe orin.

A gbé fóònù lé orí odó tí a dojú rẹ̀ dé, a sì tan ohùn rẹ̀ sókè. Wọ́n ké pé "Ààlọ́ o!" Àwọn ọmọ dáhùn débi pé ajá tó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri dìde. Ọmọ ọkùnrin tó lá àlá iyán náà wà láàrin wọn, ọmọ ọdún méje, ohùn rẹ̀ ló sì le jù nínú ègbè. Bàbá rẹ̀ jókòó lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Kò wá síbi tí a wà, kò sì wọlé. Nígbà tí àlọ́ parí, ọmọ náà sún mọ́ fóònù, ó sì bi í léèrè pé: "Ìyá, kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ẹ pè mí padà ní Sátidé," ni wọ́n wí.